Àpò ìgbòkun ńlá: télọ̀ Kàbà ń béèrè bí wọ́n ṣe ń rán an

Télọ̀Kàbà
Ẹ̀yin ọmọ Okun, okun o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku.

Télọ̀ ni mí ní Kàbà. Ìjókòó ọkọ̀ ni mo ń rán jù, àti tàpólì tí àwọn onítírélà ojú ọ̀nà Ọ̀bàjànà fi ń bo ẹrù. Àbúrò mi kan wà l'Ékòó tó ń bá òyìnbó kan ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ onígbòkun, ọkọ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 32. Ọ̀gá rẹ̀ ń wá ẹni tó máa rán àpò fún ìgbòkun ńlá, èyí tó wà lẹ́yìn òpó, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tú okùn, ṣe ni aṣọ á kàn wọ inú àpò lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí, gbogbo aṣọ náà ló ń ya lulẹ̀ sójú dẹ́ẹ̀kì, afẹ́fẹ́ á tún gbá a bo ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú lójú.

Fọ́tò ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pẹ̀lú ìwọ̀n kan ṣoṣo: igi gbọọrọ tó dábùú lábẹ́ ìgbòkun, tí wọ́n ń pè ní búùmù, mítà 4. Ó ní kí n máa gé aṣọ lọ. Mi ò tíì fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n: báwo ni àpò yìí ṣe rí? Ṣé tàpólì tírélà lè ṣe é? Ṣé àpò yìí gan-an ló ń mú ìgbòkun sọ̀kalẹ̀ ni?

Mopa_Lẹ́yìnOdi
Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ó dáa bẹ́ ẹ ò ṣe tíì gé e. Níbi tí wọ́n ti ń rán ìgbòkun ni mo ti ń jẹun níbí, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Rárá o, àpò kì í mú ìgbòkun sọ̀kalẹ̀. Ìwúwo aṣọ fúnra rẹ̀ ló ń mú un wá sílẹ̀, tí ohun tó so ó mọ́ òpó bá gbà fún un. Ẹ wo etí ìgbòkun tó kọjú sí òpó: ike kéékèèké ló so ó mọ́ ojú irin ara òpó, tàbí kẹ̀kẹ́ kéékèèké bó bá jẹ́ ti olówó. Bí iyọ̀ àti eruku bá ti di ojú irin yẹn, ẹ rán àpò tó rẹwà jù láyé, ìgbòkun á dúró sí agbede méjì. Kí àbúrò yín fi omi tútù tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, kó nù ún gbẹ, kó wá fi ìfọ́nsí sílíkónì tó máa ń gbẹ kùn ún. Kó má fi epo ẹ́ńjìnnì tàbí gíríìsì sí i o, torí eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, aṣọ funfun á sì dọ̀tí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni okùn tí wọ́n ń pè ní lazy jack. Láti òkè òpó ló ti ń bọ̀, á yà sí ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sórí búùmù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àárín àwọn okùn yẹn ni ìgbòkun ń bọ́ sí, tí kò fi lè ya sọ́tùn-ún sósì. Tí kò bá sí okùn yìí, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rán ò ju ìbòrí lásán lọ, ẹ kàn máa fi bo ìgbòkun tí ẹ̀dá ènìyàn ti fi ọwọ́ ká ni. Ẹ bi í bóyá ọkọ̀ náà ti ní in.

Wàyí o, ìwọ̀n. Búùmù kọ́ lẹ máa wọ̀n, òkìtì tí aṣọ máa ṣe lórí rẹ̀ lẹ máa wọ̀n. Kí wọ́n sọ ìgbòkun kalẹ̀ ní àárọ̀ tí atẹ́gùn ò sí, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ sọ́tùn-ún sósì lórí búùmù, kí wọ́n dì í wọ́ọ́rọ́wọ́, má fún un pa. Kó wá ti ẹ̀gbẹ́ búùmù kan ju tépù gba orí òkìtì bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́bàá òpó, láàárín, àti nídìí, ìyẹn ìparí búùmù lẹ́yìn. Kó wọn gíga òkìtì ní ojú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà.

Kó tún wo báténì, ìyẹn àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tì sínú ìgbòkun kó má baà rọ̀. Bí báténì bá gùn láti etí dé etí, òkìtì ẹ̀gbẹ́ òpó á ga ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí àwọn kẹ̀kẹ́ tó gbé báténì kì í ká, orí ara wọn ni wọ́n ń tò sí. Ibẹ̀ ni àpò tí wọ́n fi ojú díwọ̀n ti máa ń kéré.

BàbáAtukọ̀_Ìsánlú
Mo ti wà lórí òkun kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ọkọ̀ ìgbàlà tí a máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá láyé ìgbà yẹn ní òpó àti ìgbòkun tirẹ̀, wọ́n sì kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó. Kò sí àpò kankan.

Okùn pẹlẹbẹ bí i márùn-ún, ènìyàn méjì, iṣẹ́ parí. Ẹni kan dúró lẹ́bàá òpó, ó ń tú okùn ìfàsókè díẹ̀díẹ̀, ẹnì kejì dúró nídìí búùmù, ó ń fa etí ẹ̀yìn aṣọ, ó ń dà á sọ́tùn-ún, ó ń dà á sósì, ó ń dì í. Aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣẹ́ báyẹn máa ń pẹ́ ju èyí tó wó sínú àpò wọ́ọ́ lọ, torí kì í ká síbi tí kò yẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tí Mopa ò tíì sọ rèé o, òun ló sì lè pa ènìyàn. Ìgbòkun ló gbé búùmù dúró. Bí ẹ bá tú ìgbòkun láìjẹ́ pé ẹ ti fa okùn tó ti orí òpó wá gbé ìdí búùmù, gbogbo igi yẹn á já lu ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Àwọn ọkọ̀ òde òní kan ní ọ̀pá líle tó ń ti búùmù láti ìsàlẹ̀, ìyẹn náà dáa. Kí àbúrò rẹ wo èwo ni tiwọn ní kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Mopa_Lẹ́yìnOdi
Bàbá, ẹ ṣeun, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Okùn yẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Mi ò bá yín jiyàn lórí ìgbòkun tí wọ́n fi ọwọ́ ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí ọkọ̀ yìí wà. Ìjì Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìparí rẹ̀, láti ìlà oòrùn ló ń bọ̀, ẹ máa rí i tí ojú ọ̀run ti dúdú, kó tó pẹ́ ó ti dé. Ẹni tó dúró nídìí búùmù tó ń da aṣọ sọ́tùn-ún sósì lásìkò yẹn, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Pẹ̀lú lazy jack àti àpò, wọ́n á tú okùn, aṣọ á wọlé, gbogbo èèyàn á jókòó sísàlẹ̀. Wọ́n lè wá tún un ṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀wọ́rọ̀Létídò
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà fẹ́ bi yín. Lọ́kọja ni mo ń tu ọkọ̀, Yamaha ni tiwa, a kì í lo ìgbòkun. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ imú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó sọ aṣọ kalẹ̀. Ní odò Ọya, níbi tí omi ti fún láàárín yanrìn, ta ló máa ráyè yí ọkọ̀ padà? Ṣé kò ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn?

Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé wọn ò lè ká ìgbòkun bí aṣọ ojú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń fi ìrin ká?

ỌmọÌyàrá
Ẹ fi Yamaha 40 síbẹ̀ kẹ́ ẹ lọ jókòó jàre.

BàbáAtukọ̀_Ìsánlú
Ìwọ ló máa ra bẹntiró náà?

Mopa_Lẹ́yìnOdi
Ọ̀wọ́rọ̀, ìbéèrè gidi ni. Bí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn, ṣe ló máa tẹ ìgbòkun mọ́ wáyà tó di òpó mú, àwọn ike etí rẹ̀ á há, aṣọ ò ní sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá fi tipátipá fà á á ya á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹ́ńjìnnì ti ọkọ̀ pẹ̀lẹ́ kó lè kọjú sí afẹ́fẹ́, kí wọ́n dẹ okùn tó ń ṣàkóso búùmù, kí aṣọ máa gbọ̀n láìní agbára, kí wọ́n tó tú u. Níbi tí kò bá ti sí àyè, òde ni wọ́n ti ń sọ ọ́ kalẹ̀, níbi tí omi ṣì fẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n á fi wọlé.

Ti kíká, ó wà, oríṣi méjì ló sì wà. Èkíní, wọ́n ń ká a sínú òpó. Ted Hood, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ọkọ̀ Courageous gba America's Cup, ìdíje ọkọ̀ onígbòkun, ní 1974, wà lára àwọn tó jẹ́ kó gbajúmọ̀. Òpó náà ní ihò gbọọrọ lẹ́yìn, ọ̀pá kan ń yí nínú rẹ̀, ìgbòkun á máa wé mọ́ ọn. Ó rọrùn lóòótọ́. Ẹnì kan lè dúró síbi ìtọ́kọ̀ kó dín aṣọ kù bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n báténì tó dábùú ò lè wọ inú òpó, nítorí náà etí ẹ̀yìn ìgbòkun ní láti jẹ sínú, agbára rẹ̀ á dín kù. Gbogbo ìwúwo yẹn tún wà lókè. Bí aṣọ bá ti gbó tó sì ti yọ ikùn, ó lè wú há sẹ́nu ihò náà, tó bá há ní agbede méjì, kò ní ká, kò sì ní sọ̀kalẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n gun òpó lọ fi ọ̀bẹ gé aṣọ tuntun.

Èkejì, inú búùmù ni wọ́n ń ká a sí. Èyí lè gbé báténì gígùn, tí ẹ̀rọ bá sì kọṣẹ́, wọ́n ṣì lè sọ aṣọ kalẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìyọnu rẹ̀ ni pé igun tí búùmù àti òpó fi pàdé kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Tó bá yẹ̀ díẹ̀, aṣọ á máa rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń ká, á sì há. Ó tún wọ́n gan-an.

Fún ọkọ̀ ẹsẹ̀ 32 tó ti ní òpó tirẹ̀, mi ò ní gba ọ̀gá yẹn nímọ̀ràn èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àpò ni.

Télọ̀Kàbà
Ẹ ṣeun púpọ̀. Àbúrò mi ní àwọn okùn lazy jack wà. Nínú fọ́tò kan tó fi ránṣẹ́, ti ọkọ̀ mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, mo rí okùn tó gba inú ìgbòkun kọjá látòkè délẹ̀, bí i pé wọ́n fi okùn gún un. Kí nìyẹn? Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tàpólì mi.

Mopa_Lẹ́yìnOdi
Dutchman nìyẹn. Okùn ike líle bí i ti ìwọ̀ ẹja ni, ó so mọ́ okùn tó gbé ìdí búùmù, ó wá ń gba inú àwọn ihò tí wọ́n lu sí ìgbòkun wọlé jáde. Bí aṣọ bá ń bọ̀ nílẹ̀, okùn yẹn ló ń darí rẹ̀, ìṣẹ́po kan á lọ sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e á lọ sósì, bí ẹni pé Bàbá Ìsánlú ló ṣẹ́ ẹ. Ó dáa gan-an pẹ̀lú aṣọ líle. Ṣùgbọ́n lílu ihò sí ìgbòkun ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ìbòrí ibẹ̀ sì tún ní láti ní ihò fún àwọn okùn náà.

Tàpólì ò dáa. Ó wúwo, ó le, kò sì ń mí. Omi òjò tàbí ìrì tó bá wọlé ò ní jáde, ìgbòkun á hu ẹbu. Ìyá Ògìdì wà níbí, aṣọ ni wọ́n ń tà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ìyá_Ògìdì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo kàn dákẹ́ ni.

Télọ̀, aṣọ tó o máa lò ni èyí tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé aláṣọ níwájú ilé ìtura, akíríìkì ni wọ́n ń pè é. Òwú rẹ̀ ni wọ́n ti pa láró kí wọ́n tó hun ún, nítorí náà oòrùn kì í tètè jẹ àwọ̀ rẹ̀. Sunbrella lorúkọ èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Tí wọ́n bá fún ẹ ní kánfáàsì òwú tí wọ́n kàn fi ọ̀dà bò, dá a padà. Gé e pẹ̀lú ọ̀bẹ gbígbóná kí etí rẹ̀ má tú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni òwú ìránṣọ. Mo mọ ẹ̀yin télọ̀, èyí tó bá wà lórí máṣíìnì lẹ máa ń lò. Òwú kọ́tìnì á jẹrà. Náílọ́ọ̀nù lágbára, ṣùgbọ́n oòrùn ń jẹ ẹ́ kíákíá, aṣọ á ṣì wà lódindi tí ojú ìrán á ti máa tú. Pólíẹ́sítà nípọn, èyí tí wọ́n ṣe fún ìta gbangba, ni kó o rà. Sípì oníke eyín ńlá, kì í ṣe onírin. Iyọ̀ òkun ò ní jẹ́ kí onírin ṣí lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Àwọ̀ ńkọ́? Wọn ò tíì sọ. Òyìnbó fẹ́ràn búlúù.

Télọ̀Kàbà
Màmá, ẹ ṣé o. Náílọ́ọ̀nù gan-an ló wà lórí máṣíìnì mi báyìí, èyí tí mo fi ń rán ìjókòó. Màá wá pólíẹ́sítà.

Àbúrò mi ti wọ̀n ọ́n bí Mopa ṣe sọ. Láti ẹ̀gbẹ́ búùmù kan gba orí òkìtì dé ẹ̀gbẹ́ kejì: lẹ́bàá òpó 168 sẹ̀ǹtímítà, láàárín 120, nídìí 78. Gíga òkìtì lẹ́bàá òpó jẹ́ 70. Báténì rẹ̀ gùn láti etí dé etí. Ó ní ìsàlẹ̀ ìgbòkun ò wọnú búùmù, igun méjèèjì nìkan ni wọ́n so.

Mopa_Lẹ́yìnOdi
Ẹ rí i bí 70 yẹn ṣe ga tó? Mítà 4 tí wọ́n kọ́kọ́ fún yín ì bá ti jẹ́ kẹ́ ẹ gé àpò tó dọ́gba láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Bí ìsàlẹ̀ ìgbòkun ò bá wọnú búùmù, iṣẹ́ yín rọrùn. Ẹ lè rán ìsàlẹ̀ àpò pọ̀ kó gba abẹ́ ìgbòkun kọjá lórí búùmù, kẹ́ ẹ rán okùn sí etí rẹ̀ tó máa wọ ojú ihò gbọọrọ orí búùmù. Ẹ má dí gbogbo rẹ̀ o. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí ìsàlẹ̀ níbi méjì mẹ́ta kí omi lè jáde.

Ẹ fi nǹkan bí i ìdá kan nínú mẹ́wàá kún ìwọ̀n yẹn. Etíkun ni wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ tí wọ́n wọ̀n, kò sí ẹni tó máa ṣẹ́ ẹ dáadáa báyẹn lójú omi. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó ga níwájú kó máa lọ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ sẹ́yìn.

Etí òkè ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò àpò tóóró tí ọ̀pá máa wọ̀, òun ló máa jẹ́ kí ẹnu àpò dúró ní ṣíṣí. Wọ́n ń ta ọ̀pá fáíbà fún un, ṣùgbọ́n páìpù funfun tí àwọn oníná fi ń gba wáyà kọjá nínú ògiri ti tó, ó wà ní Kàbà. Ní abẹ́ ọ̀pá yẹn ni ẹ máa rán ìgbànú tó nípọn mọ́, tí ẹsẹ̀ lazy jack máa so mọ́. Ẹ rán an wọ inú aṣọ jìnnà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìwúwo wà.

Sípì: kí ó ṣí láti òpó lọ sẹ́yìn, kí ẹ jẹ́ kó gùn kọjá ìdí àpò díẹ̀, kí orí sípì máa sinmi síbẹ̀ láìjábọ́. Wọn ò lè máa nà ọwọ́ sójú omi láti kó eyín sípì pọ̀. Lẹ́bàá òpó, ọwọ́ tó o.

Níkẹyìn, ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le, wọn kì í sọ gbogbo ìgbòkun kalẹ̀, wọ́n ń dín in kù ni, okùn tó ń dín in kù sì ń ti ara búùmù gba etí ẹ̀yìn aṣọ lọ sókè. Bí ẹ ò bá fi ihò sílẹ̀ lára àpò ní ojú ibi tí okùn yẹn ti ń jáde, wọ́n á fi ọ̀bẹ lu tiwọn, ó máa burẹ́wà. Kí àbúrò yín fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára búùmù kó wọn jíjìnnà rẹ̀ sí òpó.

BàbáAtukọ̀_Ìsánlú
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn ò nílò àpò fún rárá. Ìgbòkun àwọn ará Ṣáínà. Báténì rẹ̀ gba gbogbo aṣọ kọjá, okùn méjì ló gbé e lọ́tùn-ún lósì títí ayé, bẹ́ ẹ bá ti tú okùn ìfàsókè, ó ti wó jọ sáàárín wọn nìyẹn. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Blondie Hasler, fi irú rẹ̀ sí ọkọ̀ kékeré tó ń jẹ́ Jester, ó dá nìkan wà á la Àtìláńtíìkì kọjá nínú ìdíje 1960, ọjọ́ 48, ó gba ipò kejì lẹ́yìn Francis Chichester. Inú ihò kan láàárín ọkọ̀ ló dúró sí tó ti ń fa gbogbo okùn, kì í jáde sórí dẹ́ẹ̀kì. Oparun ni wọ́n fi ń ṣe báténì náà látijọ́, oparun sì kún ilẹ̀ Bùnú.

Ọ̀wọ́rọ̀Létídò
Bàbá, ẹ dúró o. Ìyẹn ṣeé gbé sórí ọkọ̀ tiwa ní Lọ́kọja?

BàbáAtukọ̀_Ìsánlú
Ó ṣeé gbé, tí ọkọ̀ rẹ bá fẹ̀ tó, tó sì ní ohun tí kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa ti í lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ bí i tiyín á kàn máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ṣí ìjíròrò tìrẹ, mo máa dáhùn. Èyí ti télọ̀ ni.

Télọ̀Kàbà
Mo ti yà á sórí bébà. Kí n tó fọwọ́ kan aṣọ olówó gọbọi, àpò ìrẹsì tí wọ́n tú ni màá kọ́kọ́ fi rán odindi rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ọkọ̀ Èkó, kí wọ́n gbé e sórí búùmù, kí wọ́n fa ìgbòkun sókè kí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ nínú rẹ̀, kó sàmì síbi tó bá fún àti ibi tó bá dẹ̀.

Mopa_Lẹ́yìnOdi
Bó ṣe yẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá ń fà á sókè, kó wo báténì òkè bóyá ó ń kọ́ lazy jack. Bó bá ń kọ́ ọ, kí wọ́n tú okùn náà kúrò lára òpó, kí wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ apá irin tó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kó jìnnà sí òpó díẹ̀. Àyè á gbòòrò. Tó bá tún ń kọ́ ọ, kí wọ́n dẹ okùn náà, kí wọ́n fà á síwájú mọ́ òpó tí wọ́n bá fẹ́ fa aṣọ sókè, kí wọ́n dá a padà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyẹn ò kan àpò yín, àfi pé kẹ́ ẹ fi ìkọ́ tó ṣeé tú sí ìgbànú dípò kẹ́ ẹ rán okùn pa mọ́ ọn.

Ìyá_Ògìdì
Télọ̀, akíríìkì mítà mẹ́wàá ti ń bọ̀ láti Èkó, búlúù ni. Gba owó aṣọ lọ́wọ́ wọn kó o tó wá gbé e.